Fọ́ọ̀mù Méjìlélógún Láti Ìkòsí

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá yà sílé wa ní Ìkòsí ń bi mí: ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́? Ó pọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀ lé ara wọn sùn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òtútù nìkan lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ lè pa ìwé yìí dé. Èyí tí mo fẹ́ sọ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan rẹ̀ kò sì bu iyì kún mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín Ìkòsí sí Kétu. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà bí ẹni pé kò sí dókítà mìíràn láyé, ń gbé ní Magodo, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àìsàn ọrùn bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ẹran kékeré kan wà lọ́rùn gbogbo wa, níwájú ọ̀nà ọ̀fun, tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì. Òun ló ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mónù yìí ló sì ń sọ fún ara bó ṣe máa yára tó. Tó bá ti pọ̀ jù, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bo èèyàn, á máa jẹun dáadáa, síbẹ̀ á máa rù. Ọrùn ẹlòmíràn á wú, á di gẹ̀gẹ̀.

Àwọn dókítà kan ní Denmark ń ṣe ìwádìí lórí oògùn àìsàn yìí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí aláìsàn lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tó, àbí ó dìgbà tó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń wá ilé ìwòsàn káàkiri tó máa bá wọn ṣe é, Dókítà kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì gbà. Obìnrin méjìlélógún la kó jọ, láti Mile 12, Kétu, Gbàgádà, Ifákọ̀, títí kan Magodo. Ọ̀fẹ́ ni oògùn, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mò ń fún wọn lóògùn, èmi ni mò ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, èmi náà ni mò ń bi wọ́n ní ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù lóṣooṣù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ka òfin ìwádìí náà fún gbogbo wọn ní Yorùbá. Ọ̀kan nínú òfin náà ni pé ẹni tí àìsàn yìí bá ti dé ọkàn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú tàbí tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kò lè bá wa lọ. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, lọ́dọ̀ àwọn dókítà ọkàn, nítorí oògùn tiwa nìkan kò ní tó o.

Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé ni Mummy Tóbi, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ládùúgbò wa. Gbogbo aṣọ tó bá rán fún ara rẹ̀ ló ní kọ́là gíga, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọrùn rẹ̀. Òun ló mú mẹ́fà wá nínú àwọn yòókù. Ó ní tí oníbàárà bá ti ní kí òun gbé kọ́là sókè díẹ̀ sí i, òun mọ ohun tó fẹ́ bò.

Nígbà tí a ṣe é fún oṣù mẹ́fà, àwọn ará Denmark ní kí nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ náà wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn, kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Dókítà kó gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ sínú àpótí mi, ó ní kí n lọ fi han àwọn òyìnbó pé a kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Ẹni tó wá pàdé mi

Ìlú kékeré kan ni, létí òkun, lókè pátápátá ilẹ̀ Denmark. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, ilẹ̀ sì ti ṣú bí ẹni pé aago mẹ́jọ ti lù. Obìnrin gíga kan tó wọ bàtà òjò, tí irun rẹ̀ ti funfun, gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá fi sùúrù béèrè pé ṣé Purofẹ́sọ̀ ò ráyè wá ni. Ó ní òun ni Birgit. Birgit ni Purofẹ́sọ̀.

Ojú tì mí, mo yára fi orúnkún kan kanlẹ̀ kí i. Ó wo orúnkún mi, ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Dókítà ni, ó rò pé ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó lè jáwọ́ nínú ìkúnlẹ̀ yẹn. Ẹ má bínú tí mo bá ń pè é ní Birgit lásán nínú ìwé yìí. Ó tó bí mi lọ́mọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní orúkọ tí òun ń jẹ́ nìyẹn. Níwájú rẹ̀ gan-an, mi ò lè pè é bẹ́ẹ̀. Prof ni mo pè é títí mo fi padà.

Lọ́jọ́ kejì tí mo débi iṣẹ́, mo bá a níbi tó ti ń fọ ife kọfí tí gbogbo wa máa lò. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ tòun ni. Wọ́n ní ìwé kan lára ògiri tí wọ́n kọ ẹni tó máa fọ ife sí, orúkọ Purofẹ́sọ̀ sì wà níbẹ̀, òun àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Dókítà lórí fóònù, ó ní kí n má mú ìyẹn bọ̀ wálé o.

Búrẹ́dì dúdú

Ilé ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Else ni wọ́n fi mí sí. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò sí kọ́tìnì lójú fèrèsé rẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá ń wo ohun tí a ń jẹ. Àárọ̀ kùtù ló ti máa ń tan àbẹ́là sórí tábìlì oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná wà. Nílé, tí mo bá rí àbẹ́là, mo mọ̀ pé iná ti lọ. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kí ojú àárọ̀ lè rọ̀ ni.

Búrẹ́dì wọn dúdú bí ilẹ̀ àkùrọ̀, ó wúwo lọ́wọ́, ó sì kan bí ògì ọjọ́ kẹrin. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹja sí, ẹja tí wọn ò sè, tí wọn ò yan, tí wọ́n kàn rẹ sínú ọtí kíkan àti ṣúgà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi sẹ́nu, omijé bọ́ lójú mi. Else rò pé ó dùn mọ́ mi ni, ó fi méjì sí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí gààrí tí mo gbé láti ilé tán, mo wọ́n ata gígún sórí ẹja náà, ó sì lọ. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, Else náà ti ń na ọwọ́ sí ata mi.

Àpá kan yí i lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ fún un rí nígbà tó wà lọ́mọge. Ó ní lábúlé tí wọ́n bí òun sí, ìyá òun ní i, ìyá ìyá òun ní i, kò sí ẹni tó kà á sí. Ṣé ẹ rí i, mo ti rò pé nǹkan tiwa ni. Ó gbé iyọ̀ rẹ̀ wá, ó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí pé wọ́n ti ń fi áyódíìnì sí i báyìí, kí ọrùn àwọn ọmọ má bàa wú mọ́.

Ohun tí kò mọ́ mi lára níbẹ̀ jùlọ ni pé wọn kì í kí èèyàn. Mo kí wọn lórí àtẹ̀gùn, mo kí wọn ní bọ́sítọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí mò ń kí. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í béèrè pé báwo ni ara. Birgit là á yé mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, tí o bá ti bi èèyàn léèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí, o gbọ́dọ̀ jókòó kó wá sọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ráyè jókòó kì í béèrè. Mo rẹ́rìn-ín. Mo káàánú wọn lọ́kàn mi, mo ní ayé wọn gbẹ.

Lọ́jọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo rí ọmọ ìkókó kan nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ níwájú ilé búrẹ́dì. Òun nìkan ni, nínú òtútù yẹn, ó ń sùn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ìyá. Mo bá dúró tì í. Atẹ́gùn ń gbá mi létí, mo sì ń wo gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọmọ náà bí olè. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, ó bá mi níbẹ̀, ó sì ń wo èmi náà bí olè. Àṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n ní afẹ́fẹ́ tútù ń mú ọmọ le. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé mo gba ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́ títí dòní.

Lórí tábìlì Birgit

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, wíwò ni mò ń wò. Tí aláìsàn bá wọlé, wọ́n á bi í ní ìbéèrè kan, wọ́n á sì dákẹ́. Aláìsàn náà á ronú, á wá sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan bò: bí oorun ṣe rí, bí ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe rí, ìjà tó bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí inú tó ń tètè bí i. Èmi ni ojú ń tì fún wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Birgit pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti to gbogbo fọ́ọ̀mù mi sórí tábìlì gígùn kan, ó sì fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó gbé kọfí fún mi. Ó ní kí n wo àwọn ìwé náà, kí n sọ ohun tí mo rí. Mo wò wọ́n, orí mi wú, nítorí kò sí ibi tí mo ti fagi lé nǹkan kan.

“Wọ́n mọ́, Prof,” ni mo sọ.

“Wọ́n mọ́ jù,” ló fèsì.

Ó wá ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè wà lórí àyà lílù, lórí ọwọ́ gbígbọ̀n, lórí òógùn, lórí oorun. Èsì mẹ́ta ni wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú rẹ̀: kò sí rárá, ó wà díẹ̀, ó wà púpọ̀. Obìnrin méjìlélógún, oṣù mẹ́fà, kò sí rárá ni mo mú fún gbogbo wọn láti òkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ń fi hàn pé họ́mónù ń hó kọjá etí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ ní ara ń sáré, ìwé ní kò sí nǹkan.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí òun bá ti rí ìwé tó mọ́ báyìí, ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni pé ẹnì kan dá jókòó sídìí tábìlì, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí n sọ. Kò ní fi mí sẹ́jọ́. Wọ́n kàn máa ti ìwádìí Ìkòsí pa ni, oògùn ò ní wá mọ́.

Mo sọ fún un pé mo bi wọ́n, pé ojú wọn ni mò ń wò tí mo bá ń bi wọ́n. Ó ní kí wá ni wọ́n sọ. Mo ní wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Kò yé e. Mo fi Ọlọ́run búra, ó ní òun ò nílò ìbúra, àlàyé lòun ń fẹ́, kí n mú un wá ní Ọjọ́ Ajé.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Inú bí mi sí i, nítorí mi ò jókòó kọ ìwé irọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí gan-an ni àwọn obìnrin yẹn. Tí oògùn bá dúró, ọ̀pọ̀ wọn ò ní rà á. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run ṣàánú, wọ́n á máa ta ọjà wọn lọ títí wọ́n á fi dákú lórí ìsọ̀. Orúkọ mi nìkan kọ́ ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́.

Fọ́ọ̀mù kẹtàlélógún

Ní Ọjọ́ Àìkú, ara mi ti gbóná. Else kan ilẹ̀kùn, ó bi mí bí mo ṣe wà, mo ní dáadáa ni. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, gbogbo oríkèé ń ro mí, ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó sílé wọ́n á ní mo ń sá ni. Mo wọ kóòtù, mo di ògiri mú dé ẹnu ọ̀nà, mo lọ.

Birgit pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wojú mi, ó sì béèrè ohun tí kò béèrè lọ́wọ́ mi rí láti ọjọ́ tí mo ti dé.

“Bímpé, báwo ni ara rẹ?”

“Dáadáa ni, Prof. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Eyín mi ń gbá ara wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ara sí mi létí, ó wò ó, ó sì gbé e sí mi lójú. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì. Ó bi mí bóyá irọ́ ni mo pa fún òun. Mo ní rárá, Prof. Ó fa àga kan, ó jókòó síwájú mi.

“Fọ́ọ̀mù kẹtàlélógún nìyí,” ló wí.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là, ọ̀rọ̀ sì tú jáde lẹ́nu mi. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kí ọ kò wá yẹ ara rẹ wò. Inú rere ló fi kí ọ, o kò gbọdọ̀ gbé ẹrù àìsàn rẹ kà á lórí. O wà láàyè, o ní láti kọ́kọ́ dúpẹ́ ìyẹn ná. Ẹni tí wọ́n fa omi sí lára lórí bẹ́ẹ̀dì, tí o bá bi í pé ara ńkọ́, yóò ní a dúpẹ́. Ti ìjọ sì tún wà níbẹ̀. Tí mo bá bi wọ́n pé ṣé àyà yín ń lù kìkì, wọ́n á ní kì í ṣe ìpín mi, Nọ́ọ̀sì. Nítorí pé èmi náà kì í fẹnu ara mi pe àìsàn wá bá ara mi, etí mi gbọ́ ọ bí ẹni sọ pé kò sí, mo sì ń mú kò sí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń béèrè, màá sì kọjá lọ sórí èyí tó kàn.

Birgit ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, àṣé wọn ò purọ́. Mo ní àwọn èèyàn mi kì í ṣe òpùrọ́, ìwà ọmọlúàbí ni. Mo sọ ọ́ kíkankíkan, pẹ̀lú ibà lára. Ó gbà mí gbọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀.

Wọ́n wò ó bóyá ibà ẹ̀fọn ni, kì í ṣe òun, òtútù wọn ló gbé mi ṣánlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀ nílé Else. Kò béèrè bí mo ṣe wà mọ́. Ó béèrè ìgbà tí mo jẹun kẹ́yìn, mo ní àná láàárọ̀. Ó béèrè bóyá mo lè dìde dúró wẹ̀, mo ní rárá, òòyì ń kọ́ mi. Ó béèrè iye ìgbà tí mo jí lóru, mo kà á fún un. Ìgbà tó ti lọ gbé ọbẹ̀ ànàmọ́ wá ni mo tó rí i pé gbogbo ohun tó béèrè ni mo sọ òótọ́ rẹ̀, kò sì ṣe mí bíi kí n dúpẹ́ níbì kankan. Kò kí mi. Ó béèrè ohun tí ara mi ń ṣe.

Èmi àti Birgit jókòó, a tún ìbéèrè kọ ní Yorùbá. Ta ló ń gbé omi wọlé nílé yín báyìí? Tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń dúró? Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn? Ta ló ń fi òwú sí abẹ́rẹ́? Ogún ìbéèrè ni. Birgit ní òun ò ní ti Ìkòsí pa, lórí àdéhùn kan: kí n padà lọ bi obìnrin méjèèjìlélógún ní tuntun, kí n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ, ì báà dáa fún wa, ì báà má dáa. Mo gbà. Mo rò pé ibi tó le ti kọjá.

Mo délé

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí ooru gbá mi lójú ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Láti ìta gate ilé wa ni wọ́n ti ń kí mi, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà, a ò gbọ́hùn yín, ẹ ti pupa. Mo kí wọn títí ẹnu fi ro mí. Mo jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé kiri. Ìyàwó pásítọ̀ kan ní Gbàgádà ní òun ti kúrò lórí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí fáànù lòun ń jókòó sí, nítorí òógùn. Oníṣirò owó kan ní Magodo ní òun kì í fúnra òun wa mọ́tò kọjá afárá Third Mainland mọ́, ọwọ́ òun kì í dúró lórí wíìlì. Aláta kan ní Mile 12 ní ọmọ òun ló ń gbé apẹ̀rẹ̀, òun kàn ń nawọ́ sí i ni. Oṣù mẹ́fà ni mo ti fi ń rí àwọn obìnrin yìí lójúkojú, mi ò gbọ́ ìkankan nínú èyí rí. Mo ń kọ ọ́, inú mi sì ń dùn, nítorí ohun gbogbo ń rí bí mo ṣe sọ ọ́ fún Birgit gẹ́lẹ́.

Mummy Tóbi ni mo fi ṣe ìkẹyìn, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láàárọ̀. Mo béèrè ẹni tó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi tìmùtìmù kékeré kan hàn mí. Abẹ́rẹ́ mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀, òwú ti wà lójú gbogbo wọn. Tóbi ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe é kó tó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Mo wá béèrè iye ìrọ̀rí tó fi ń sùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Mi ò kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, Nọ́ọ̀sì. Orí àga ni.”

“Látìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ research yín.”

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìró sókè díẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ kò kún padà. Mo bi í pé ṣebí ó gbọ́ òfin tí mo kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

“Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé a dúpẹ́. Tí mo bá lọ sí big hospital, wọ́n á dá mi dúró, ta ló máa ránṣọ aláṣọ? Oògùn yín ń jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ mi ò purọ́ fún yín o. Ẹ ní ṣé kò sí wàhálà pẹ̀lú oorun, mo ní a dúpẹ́, ẹ sì kọ nǹkan síwèé. Ká ní ẹ bi mí níbi tí mò ń sùn sí, ǹ bá ti sọ fún yín.”

Inú kọ́kọ́ bí mi sí i. Lẹ́yìn náà ni ara mi bù máṣọ. Ó béèrè bóyá màá kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ṣe mí bíi kí n má kọ ọ́. Mọ́kànlélógún ti tó láti fi gba Ìkòsí là. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ yẹn ń sọ. Mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ, kò sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Tóbi mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, báàgì rẹ̀ nìkan ló ní kí n bá òun dì mú. Wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó ṣì wà níbẹ̀, Tóbi sì ní ó ti lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn díẹ̀.

Mo ti fi gbogbo fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Birgit, pẹ̀lú lẹ́tà. Mo kọ ọ́ sí i pé Ìkòsí ku obìnrin mọ́kànlélógún, mo sì ṣàlàyé bí ẹnì kan ṣe jáde. Mo ní ohun tí mo sọ fún un nípa àwọn èèyàn mi lọ́jọ́ ibà yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn yòókù dúpẹ́ nítorí pé bí a ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Mummy Tóbi dúpẹ́ nítorí pé ó ti mọ̀ mí: ó mọ̀ pé tí òun bá ti dúpẹ́, mi ò ní béèrè lẹ́ẹ̀kejì.